Ṣé O Mọ̀? Ọmọrí Ẹ́ńjìnnì Kì Í Ṣe Ọmọrí Lásán

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dà pupa tí wọ́n kùn sórí ọmọrí ẹ́ńjìnnì ni Ferrari fi sọ ọkọ̀ lórúkọ? Ní 1956, wọ́n gbé ọkọ̀ eré ìje kan jáde ní Ítálì, wọ́n pè é ní 500 Testa Rossa, ìyẹn Orí Pupa, nítorí pé ohun tó bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lórí pupa fòò. Àbúrò rẹ̀, 250 Testa Rossa, tẹ̀ lé e, ó sì gba ìdíje oníwákàtí 24 ti Le Mans ní 1958, ní 1960 àti ní 1961. Nígbà tó di 1984, wọ́n jí orúkọ náà dìde fún ọkọ̀ tí olówó lè wà lọ ra búrẹ́dì, wọ́n so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ di Testarossa. Wọ́n kun orí ẹ́ńjìnnì ti ọ̀hún náà ní pupa. Ara ọkọ̀ lè funfun, ó lè dúdú, ìyẹn kò kan orí.

Ohun tí mò ń sọ yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí o rí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, orí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni ìdérí ibẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí ọmọrí ìkòkò: kí ọbẹ̀ má tà síta, kí eruku má sì kó wọlé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlàjì òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti tú u rí, tó kùn ún, tó sì dá a padà síbi tó wà láìjò, ó mọ̀ pé ibi tí òye oníṣẹ́ ti ń hàn nìyẹn.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí èyí kò sì ju ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ lọ, fálífù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí ẹ́ńjìnnì fi ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tàbí tó fi ń tú èéfín síta, ń ṣí, ó sì ń pa dé ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fálífù 16 ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin òde òní, gbogbo wọn ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2006, ẹ́ńjìnnì V8 tí Cosworth ṣe fún eré ìje Formula 1 yí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú kan. Fálífù tirẹ̀ ń ṣí ní ohun tó lé ní ìgbà 160 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Súpíríìnì irin kò lè bá irú eré bẹ́ẹ̀ rìn mọ́. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́nú ihò kékeré ni wọ́n fi ń dá fálífù padà sáyè rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kò ní ọmọrí kankan níbi fálífù. Model T tí Ford gbé jáde ní 1908 la fálífù rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n tó ṣe ìlẹ̀kùn kékeré méjì bò ó. Chevrolet 490, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1915, náà gbé apá fálífù rẹ̀ síta fún eruku àti òjò. Awakọ̀ ló ń fi agolo ọ́ìlì kán an sí wọn lórí. Ti àwọn ọmọ ogun òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tún burú sí i. Ẹ́ńjìnnì irú Gnome náà fúnra rẹ̀ ló ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, epo lárà ni wọ́n fi ń fún un ní ọ̀rinrin, epo yìí kì í sì í padà sínú agolo: ẹ́ńjìnnì á lò ó tán, á tu ìyókù sí awakọ̀ lójú àti lẹ́nu. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fún ní epo lárà mu rí mọ ohun tí ikùn àwọn ọ̀gbẹ́ni yẹn ń rí ní òfurufú.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà kan wà tí kò ní bóòtù rárá? Ti Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá ni. Àwọn tó ti gbọ́njú ní Èkó ní 1975, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ṣì lè fi ẹnu ṣe ìró rẹ̀ fún ọ. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, ó sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, sìlíńdà méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ọmọrí rẹ̀ kò wà lókè, méjì ni, wọ́n wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, wáyà líle kan ló sì gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Mẹkáníìkì á dùbúlẹ̀, á ti ẹnu súkúrúdíráfà bọ abẹ́ wáyà, á fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti bọ́ nìyẹn. Ìdí tó fi rọrùn bẹ́ẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà fẹ́ kí wọ́n máa wọn àlàfo fálífù rẹ̀ lóòrèkóòrè, mìlímítà 0.15, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí ọ̀nà ìtúnṣe bá nira, ta ni yóò ṣe é? Ẹni tó yàwòrán ọkọ̀ yẹn mọ ìwà èèyàn. Ní Brasil, wọ́n dá iṣẹ́ Ìjàpá dúró ní 1986, àmọ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, Itamar Franco, ló bẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1993. Mẹ́síkò ni èyí tó kẹ́yìn pátápátá ti jáde, ní oṣù keje 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tó lé ní mílíọ̀nù 21.

Ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì wa báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ Corolla tàbí Civic àwọn ọdún 1990 lo fẹ́ tú, sipánà nọ́ḿbà 10 ni olórí iṣẹ́. Sipánà yìí kan náà ló máa ń sọnù jù ní gbogbo gáréèjì ayé. Má bi mí léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kí o tó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, lẹ nọ́ḿbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, nítorí bí wọ́n bá ṣìnà nígbà tí o bá ń dá wọn padà, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n rìrì, tàbí kó kọ̀ jálẹ̀. Fa rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tú nọ́ọ̀tì, kó wọn sínú abọ́ pẹ̀lú rọ́bà kéékèèké tó wà lábẹ́ wọn. Ní báyìí, ọmọrí kò ní ohun tó dè é mọ́, síbẹ̀ kò ní mira, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì ti gbẹ, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bámúbámú.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ọwọ́ á yá ọmọ iṣẹ́, á ti súkúrúdíráfà bọ àárín, á fi gbé e. Àlùmíníọ̀mù rọ̀. Ojú tí ọmọrí àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti jọ ń pàdé á ha, ìlà tó kéré bí ojú èékánná sì tó fún ọ́ìlì láti máa yọ́ jáde títí ayé. Òòlù onírọ́bà ni kó fi gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ti gbọ́ kọ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, ó ti tú. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kó fi aṣọ mímọ́ bo ohun tó ṣí sílẹ̀, nítorí nọ́ọ̀tì kan tó bá já sínú ihò ibẹ̀ lè sọ iṣẹ́ wákàtí méjì di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Yí ọmọrí náà dé, kí o wo inú rẹ̀. O máa rí pèpéle irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ríbẹ́ẹ̀tì tàbí súkúrúù dè mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ọ́ìlì kúrò lára èéfín tó ń gòkè bọ̀ kí rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí má baà fa ọ́ìlì lọ. Ṣé o mọ̀ pé pèpéle yìí ti pa ẹ́ńjìnnì tí kò lóǹkà? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹni tó fẹ́ kun ọmọrí á gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn láti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Yanrìn á mọ́ ọn tónítóní, á tún lọ fi ara pa mọ́ sẹ́yìn pèpéle. O lè fi omi ṣàn án, o lè gbọ̀n ọ́n, kò ní jáde tán. Ọjọ́ tí ọ́ìlì gbígbóná bá kọ́kọ́ kàn án ló máa tú sílẹ̀, á bá ọ́ìlì lọ sí gbogbo ibi tí irin ti ń fara pa irin. Bí o kò bá lè yọ pèpéle náà, má fi yanrìn súnmọ́ ọmọrí náà.

Àwọn kan máa ń fi sódà fẹ́ ẹ dípò yanrìn, irú sódà tí àwọn alákàrà òyìnbó ń lò, nítorí pé omi lè yọ́ ọ. Ọgbọ́n yìí ní ìtàn tó dùn. Nígbà tí wọ́n ń tún ère Liberty tó wà ní New York ṣe láàárín àwọn ọdún 1980, inú ère náà kún fún ọ̀dà àti ọ̀dà-bítúmẹ́ẹ̀nì tó ti pẹ́, bàbà tí wọ́n sì fi ṣe é kò nípọn ju mìlímítà méjì àti díẹ̀ lọ. Yanrìn á jẹ ẹ́. Wọ́n fi náítírójìn olómi, tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, mú kí ọ̀dà náà sán kúrò, wọ́n wá fi sódà fẹ́ bítúmẹ́ẹ̀nì dànù. Ohun tó wẹ ère ńlá yẹn nínú wà ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta èròjà búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n sódà kan wà tí o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn bó bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù lo ń fọ̀: kọ́ọ́sítíìkì sódà, ti àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ. Bí o bá ki ọmọrí àlùmíníọ̀mù bọ inú omi rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń hó yẹn o, irin ọ̀hún gan-an ló ń jẹ, afẹ́fẹ́ háídírójìn tó ń tú jáde níbẹ̀ sì ń gba iná. Gbé e kalẹ̀ di àárọ̀, o lè bá a tó ti di ajẹ́rẹ́.

Báwo lo ṣe máa mọ ohun tí wọ́n fi ṣe tìrẹ? Gbé òòfà sún mọ́ ọn. Bó bá gbá a mú, irin Ògún gidi ni, páànù tí wọ́n tẹ̀. Bí òòfà bá kọ̀ ọ́, ó lè jẹ́ àlùmíníọ̀mù, ó sì lè jẹ́ magnẹ́síọ̀mù, tó fúyẹ́ jù ú lọ. Ha ibi kọ́lọ́fín kan nínú rẹ̀, kán fínígà sí i. Magnẹ́síọ̀mù á hó kúṣúkúṣú, àlùmíníọ̀mù á kàn máa wò ọ́. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì, torí ìyẹ̀fun magnẹ́síọ̀mù tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha á lè gbaná, omi tí o bá sì dà sí i ń dá kún iná náà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Le Mans ní 1955 nìyẹn. Ara Mercedes 300 SLR tó fò wọ àárín èrò jẹ́ àdàlù magnẹ́síọ̀mù. Omi tí wọ́n dà sí i mú kí iná náà le sí i ni, èèyàn tó lé ní 80 ló sì kú nínú ìjàǹbá náà. Ní nǹkan bí 2005, BMW ṣì ń lo magnẹ́síọ̀mù fún ọmọrí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní N52, bóòtù àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi dè é, bóòtù yẹn kì í sì í ṣe é lò lẹ́ẹ̀mejì.

Àlùmíníọ̀mù tí a ń fi sebẹ̀ lónìí ti fìgbà kan wọ́n débi pé nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà parí òpó ìrántí Washington ní 1884, òun ni wọ́n gbé dé orí ṣóńṣó rẹ̀, kìlógíráàmù bíi mẹ́ta péré, wọ́n sì kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ fún àwọn èèyàn láti wá wò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé, tí wọn kò mọra, ṣàwárí ọ̀nà kan náà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ lówó pọ́ọ́kú. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, 1863. Ọdún kan náà ni wọ́n kú, 1914.

Irin yìí ní ẹ̀tàn kan tí àwọn akunọ̀dà mọ̀ dáadáa. Bí o bá fi sáńpépà ha á tó ń dán yanran, kí o tó gbé sáńpépà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ti fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò ó tí ojú kò lè rí. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kó dípẹtà, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà rí nǹkan dì mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ní ásíìdì díẹ̀ nínú, èyí tó máa jẹ wọ inú awọ náà kí ọ̀dà gidi tó gun orí rẹ̀. Ẹni tó bá fo ìpele yìí á rí i tí ọ̀dà ń bó bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná bíi mélòó kan.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ọ̀dà tó ń hunjọ. O ti rí i rí, lára ọmọrí Honda aláwọ̀ pupa, tàbí lára ẹ̀rọ ìyàwòrán àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́: ojú rẹ̀ kì í dán, ó rí ṣákaṣàka, ó kún fún ìlà wíníwíní. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ ya ìlà wọ̀nyẹn. Wọ́n máa ń fín in nípọn, ìpele mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín ìpele kan sí èkejì. Wọ́n á fín àkọ́kọ́ lọ ní ìbú, ìkejì ní òòró, ìkẹta ní ìdábùú igun. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó kàn ń dán ni, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì rò pé ọ̀dà burúkú ni wọ́n tà fún àwọn. Lẹ́yìn náà, ní igun kan, ojú rẹ̀ á ṣú. Ìlà kan á yọ, òmíràn á tẹ̀ lé e, á sì ràn ká gbogbo ojú irin náà níṣojú rẹ. Òkè ọ̀dà ló ti kọ́kọ́ gbẹ tí ìsàlẹ̀ ṣì tutù. Awọ òkè yìí ń wú, kò ráyè nà sí, ló bá hunjọ. Ooru máa ń mú kó yára, nítorí náà oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn jẹ́ ọ̀rẹ́ iṣẹ́ yìí. Bí o bá fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, kò ní hunjọ níbì kan, á hunjọ níbòmíràn. Láyé àtijọ́, epo tọ́ńgì tí wọ́n ń fún lára èso igi kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n fi ń ṣe irú ọ̀dà yìí. Ẹ̀bùn tí àwọn aṣelọ́pọ̀ fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó ń bo àbùkù irin: ihò wẹ́wẹ́ tó wà lójú àlùmíníọ̀mù tí wọ́n dà yóò sọnù sínú ìlà.

Tí ọ̀dà bá ti gbẹ, wọ́n á we sáńpépà mọ́ igi pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ha ojú àwọn lẹ́tà tó yọ sókè títí àlùmíníọ̀mù funfun á fi yọ láàárín ọ̀dà pupa tàbí dúdú. Ìka ọwọ́ lásán kì í ṣe é ha. Á wọ inú kòtò.

Ó dùn mọ́ni pé silikóònì, gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì fi ń dí ojú ọ́ìlì, ni ọ̀tá tí akunọ̀dà kórìíra jù. Bí ìwọ̀nba rẹ̀ bá wà lójú irin, ọ̀dà á sá fún un, á fi ihò róbótó sílẹ̀. Àní ohun tí àwọn afọkọ̀ ń fín sára táyà kó lè máa dán tó láti ba iṣẹ́ akunọ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jẹ́.

Àwọ̀ ọmọrí kì í ṣe ẹwà nìkan, ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì 4A-GE ti Toyota á kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní "blue top" ni, tàbí "red top", láti ara àwọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ti 1991 tó ní fálífù 20 jẹ́ fàdákà, ti 1995 jẹ́ dúdú, agbára wọn kò sì dọ́gba. Honda fi pupa hàn pé Type R ni. Ní Amẹ́ríkà àwọn ọdún 1960, o lè dúró lókèèrè mọ ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì: Chevrolet á jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, Ford á jẹ́ búlúù, Oldsmobile á jẹ́ wúrà. Ní ti Jaguar, wọn kò kun tiwọn, dídán ni wọ́n dán an bíi dígí. Ẹ́ńjìnnì XK wọn, tó jáde ní 1948, ni àwọn ẹnjiníà rẹ̀ ti ń jíròrò lé lórí nígbà ogun, ní òru tí wọ́n ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ní Coventry kí bọ́ǹbù má baà dáná sun ún. William Lyons, ọ̀gá wọn, ní ó gbọ́dọ̀ lágbára, ó sì gbọ́dọ̀ rẹwà lójú.

Nísinsìnyí, gásíkẹ́ẹ̀tì. Kí rọ́bà tó gba iṣẹ́ yìí, èèpo igi ló wà láàárín irin méjèèjì. Kọ́ọ̀kì ni, èèpo irú igi óákù kan tó pọ̀ ní Pọ́túgà, níbi tí nǹkan bí ìdajì kọ́ọ̀kì ayé ti ń wá. Igi náà á tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni. Kì í kú, èèpo mìíràn á tún hù. Ohun tó mú un wúlò fún ẹ́ńjìnnì ni pé bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bíi rọ́bà. Inú rẹ̀ kún fún yàrá wẹ́wẹ́ tó ní afẹ́fẹ́. Yàrá wọ̀nyí ni Robert Hooke rí nínú awò amúǹkan-tóbi rẹ̀, tó sì kọ sínú ìwé ní 1665, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ṣàpèjúwe ohun tí a wá mọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì. Àwọn mẹkáníìkì àgbà wa ṣì ń gé gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́: wọ́n á tẹ́ pépà gásíkẹ́ẹ̀tì lé ojú irin, wọ́n á máa fi òòlù olórí róbótó kàn án díẹ̀díẹ̀ yí etí irin náà ká, etí ọ̀hún á sì fúnra rẹ̀ gé e.

Ti rọ́bà kò fẹ́ gọ́ọ̀mù yí ká. Ibi tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù sí ni àwọn igun tí ojú irin ti yí láti títẹ́jú di òṣùpá ìlàjì, ìwọ̀nba bíi ẹ̀wà kan. Ẹni tó bá fi yí gbogbo rẹ̀ ká, èyí tó ṣẹ́kù á fún sínú, á já, á bá ọ́ìlì lọ dí asẹ́ rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú gọ́ọ̀mù yìí gan? Òórùn fínígà tí o ń gbọ́ lára irú rẹ̀ kan jẹ́ ásíìdì tó ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń gan. Nítorí náà, nígbà ọyẹ́ tí aṣọ ń gbẹ kíá, gọ́ọ̀mù ń pẹ́ kó tó gan ju ìgbà òjò lọ.

Wá gbọ́ èyí: nọ́ọ̀tì ọmọrí Honda kan ò fẹ́ ju niútọ̀n-mítà 9.8 lọ. Nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ kan náà ń gba 108. Agbára tí ọwọ́ ọkùnrin ń lò láìmọ̀, bó bá di sipánà gígùn mú, ti ju 9.8 lọ ní ìlọ́po. Bí ọmọrí bá ń jò, wọ́n á ní àwọn ń fún un sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì á yọ síta, ọmọrí á tẹ̀, yóò sì máa jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, wọ́n á máa lọ síta díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. General Motors fúnra wọn fi ojú winá ọ̀rọ̀ yìí lórí V8 kékeré ti Chevrolet: láti 1955 ni bóòtù ti wà létí ọmọrí rẹ̀, ìgbà tó di bí 1987 ni wọ́n kó o wá sí àárín, kí gbogbo etí lè gba ìtẹ̀ bákan náà.

Nígbà mìíràn sì rèé, gásíkẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ́ kí èéfín díẹ̀ sá gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì wọ inú, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi jáde. Tẹ́lẹ̀, páìpù kan ló ń tú u dà sójú títì. Láti orí àwọn ọkọ̀ 1961 tí wọ́n tà ní California, níbi tí èéfín ọkọ̀ ti ń ta èèyàn lójú, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fálífù kékeré kan dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì láti jó o. Inú ọmọrí yìí ni ọ̀nà náà ń gbà. Bí fálífù ọ̀hún bá dí, èéfín á máa ti ọ́ìlì jáde níbikíbi tó bá rọ̀. O lè pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta, á ṣì máa jò. Yọ fálífù náà, gbọ̀n ọ́n létí. Bí kò bá dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti dí.

Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì tó ń ṣòfò nìkan. Ní oṣù kẹwàá 2015, General Motors pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 1.4 padà, Buick, Pontiac, Chevrolet àti Oldsmobile tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2004, torí pé ọ́ìlì ń kán láti ibi gásíkẹ́ẹ̀tì ọmọrí sórí irin gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde, ó sì ń gbiná. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé wọ́n ti pe ọ̀pọ̀ nínú wọn padà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti tún wọn ṣe. Iná tó lé ní 1,300 ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe yẹn.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, láti Kútọnu dé Ládípọ̀, ọ̀dà fàdákà lórí ẹ́ńjìnnì kò yẹ kó dá ọ lójú. Ìdérí ọ́ìlì ni kí o ṣí, kí o fi ìka kan abẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tó mọ́ á fi àwọ̀ pupa rúsúrúsú hàn ọ́ lára irin inú. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Bó bá funfun bíi ẹ̀kọ mímu, omi ti dé inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rántí fọ abẹ́ ọmọrí kó tó tà á.

Ní ti ọkọ̀ tó jáde láìpẹ́, má tètè ra ọ̀dà. Ọmọrí ọ̀pọ̀ wọn ti di ọ̀rá líle tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì pò, fálífù èéfín ti wà nínú rẹ̀ lódindi, bó bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Ooru ààrò tí wọ́n fi ń sun ọ̀dà mọ́ àlùmíníọ̀mù á ká a kò. Ohun ńlá dúdú tó kọ́kọ́ kọjú sí ọ pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ lára, òun kọ́ rárá ni tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Wọ́n fi í pa ariwo mọ́ ni, kí ojú lè rí ohun tó mọ́. Fa igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, á jáde láìlo sipánà, ọmọrí gidi á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.